Ta ló lè bá mi rojọ́ níbi wàhálà ọjà òkèèrè?

Ìbéèrè náà rèé: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Kọ̀ńténà awọ méjì, èyí tí wọ́n fi ń ṣe bàtà, nilé iṣẹ́ wa kó ránṣẹ́ sí oníbàárà kan lókè òkun. Dọ́là 240,000 lápapọ̀, CIF la kọ sínú ìwé (owó ọjà, ìnṣọ́ránsì àti owó ọkọ̀ lápapọ̀), wọ́n sì ti san 30% sílẹ̀. Nígbà tẹ́rù dé, wọ́n ní apá kan awọ náà ti rin, ó ti bu, àwọn ò san ìyókù mọ́. Lọ́yà wọn wá kọ lẹ́tà pé ká pàdé lórí Zoom ní Ọjọ́bọ̀ ká fẹnu kò. Ìwé àdéhùn wa sọ pé tí aáwọ̀ bá dé, arbitration (ìdájọ́ láìlọ sí kọ́ọ̀tù) ni, ní London, lábẹ́ ìlànà ICC (àjọ àwọn oníṣòwò àgbáyé), òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la ó sì fi ṣe é. Ṣé dandan ni kí n mú lọ́yà dání? Ṣé lọ́yà tó ń bá wa ṣèwé ilẹ̀ àti ìwé òṣìṣẹ́ lè bá wa lọ? Ẹnìkan tún ní kí n gbé e lọ bá ìjọba, kí wọ́n bá wa gbé e dé WTO, àjọ tó ń rí sí òwò láàárín orílẹ̀-èdè."

Mà, ẹ kú ìrọ́jú o. Dọ́là 168,000 tó há sọ́wọ́ ẹlòmíì kì í ṣe owó téèyàn ń gbàgbé sùn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó kàn yín lọ́sẹ̀ yìí kọ́rọ̀ tó gùn: ẹ má dá nìkan lọ síbi Zoom yẹn, ẹ má sì fọwọ́ ara yín fèsì lẹ́tà lọ́yà wọn. Ìlà méjì péré ti tó, pé ẹ ti rí lẹ́tà wọn, pé lọ́yà yín máa dá wọn lóhùn, pé ẹ fẹ́ sún ìpàdé Ọjọ́bọ̀ sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sún irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, kò sóhun tó máa bà jẹ́.

Ọ̀rọ̀ WTO yẹn, ká tètè gbé e kúrò lọ́nà. Ẹni tó gbà yín nímọ̀ràn yẹn rò ó dáadáa ni, àmọ́ orílẹ̀-èdè pẹ̀lú orílẹ̀-èdè ló ń rojọ́ ní WTO. Ilé iṣẹ́ ò lè gbé ẹjọ́ síwájú wọn rárá, bó ti wù kó tóbi tó, àfi kí ìjọba rẹ̀ gbé e lọ lórúkọ ara ìjọba, ohun tí wọ́n á sì máa jiyàn lé ni pé òfin tàbí owó orí tí ìjọba kejì ṣe ta ko àdéhùn tí wọ́n jọ tọwọ́ bọ̀. Ẹni tó ra awọ tó kọ̀ tí ò sanwó ò rú àdéhùn WTO kankan, ẹ̀yin ló dà. Tí ìjọba tiẹ̀ gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ tó sì borí, ohun tí wọ́n á sọ fún orílẹ̀-èdè tó jẹ̀bi ni pé kó tún òfin ẹ̀ ṣe láti ìsinsìnyí lọ, wọn kì í ní kó san owó tí ilé iṣẹ́ kan ti pàdánù sẹ́yìn. Antigua and Barbuda, orílẹ̀-èdè erékùṣù kékeré kan, pe Amẹ́ríkà lẹ́jọ́ níbẹ̀ ní 2003 lórí tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n borí ní 2005, nígbà tó di 2007 wọ́n gbà wọ́n láyè láti gbẹ̀san tó tó mílíọ̀nù 21 dọ́là lọ́dọọdún, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ṣì ń fẹjọ́ sùn ní Geneva, níbi tí WTO wà, pé ọ̀rọ̀ náà ò tíì yanjú. Láti December 2019 pàápàá, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn níbẹ̀ ò lè jókòó mọ́ torí Amẹ́ríkà ò jẹ́ kí wọ́n yan àwọn tuntun sípò, ẹni tó bá pàdánù kàn lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn síbi tí kò séèyàn, ẹjọ́ á sì há síbẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti ṣètò àfirọ́pò láàárín ara wọn láti 2020, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló wà níbẹ̀.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ìtàn kan láti ibẹ̀ ṣá o, torí ó kan ìbéèrè yín gan-an, ìyẹn ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti bá èèyàn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tí WTO bẹ̀rẹ̀ ní 1995, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni wọ́n ń retí kó jókòó síbi ẹjọ́. Nígbà tí ẹjọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ délẹ̀ láàárín Yúróòpù àti Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè bíi Ecuador, Saint Lucia tí wọ́n ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ tà sí Yúróòpù náà wá síbẹ̀. Erékùṣù kékeré ni, wọn ò ní agbo lọ́yà ìjọba tó mọ òfin òwò àgbáyé dunjú, ni wọ́n bá háyà lọ́yà aládàáni. Àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ ní kí àwọn lọ́yà náà jáde. Ẹ fojú inú wò ó, Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ní lọ́yà ìjọba rẹpẹtẹ nínú yàrá, tìrẹ nìkan ni wọ́n ní kó bọ́ síta. Ìgbà tẹ́jọ́ dé òkè ní 1997 ni wọ́n tó wá là á mọ́lẹ̀ pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló máa pinnu ẹni tó máa ṣojú òun, kò sí òfin tó ní kí lọ́yà aládàáni má wọlé. Nígbà tó fi máa di 2001, wọ́n dá Advisory Centre on WTO Law sílẹ̀ ní Geneva níbẹ̀, táwọn orílẹ̀-èdè tí ò lówó ti ń gba ìmọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì ń gba lọ́yà fún ẹjọ́ lówó pọ́ọ́kú. Inú mi máa ń dùn sí nǹkan yẹn. Ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ tí o ò bá lẹ́ni tó lè sọ ọ́, ẹ̀tọ́ orí bébà lásán ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí awọ.

Arbitration tẹ́ ẹ kọ sínú ìwé yẹn túmọ̀ sí pé ẹ ò lọ sí kọ́ọ̀tù ẹnikẹ́ni, èèyàn kan tàbí mẹ́ta tí ò sí lẹ́yìn ẹnì kankan nínú yín ló máa gbọ́ ẹjọ́, ohun tí wọ́n bá sọ labẹ gé. Torí pé London lẹ mú, Arbitration Act 1996 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń darí ẹ̀, abala 36 nínú ẹ̀ sì sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó bá ní ẹjọ́ lè jẹ́ kí lọ́yà tàbí ẹnikẹ́ni mìíràn tó bá yàn ṣojú òun, àfi tí àwọn méjèèjì bá jọ gbà pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Fún ìdí èyí, bẹ́ẹ̀ ni, lọ́yà ìwé ilẹ̀ yín lè lọ lábẹ́ òfin. Kì í ṣe gbogbo ibi ló rí bẹ́ẹ̀ látijọ́ o. Ní Singapore ní 1988, kọ́ọ̀tù sọ pé lọ́yà àjèjì ò gbọdọ̀ rojọ́ níbi arbitration tó wà níbẹ̀, ó di ọdún mélòó kan kí wọ́n tó yí òfin yẹn padà. Ní California ní 1998, àwọn lọ́yà láti New York pàdánù owó iṣẹ́ wọn torí wọ́n wá ṣiṣẹ́ arbitration níbẹ̀ láìní ìwé àṣẹ ibẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ oníṣòwò ọkà bíi GAFTA tiẹ̀ ṣì ní ìlànà pé lọ́yà ò ní dìde sọ̀rọ̀ níbi ìjókòó àfi táwọn méjèèjì bá gbà, torí oníṣòwò ni wọ́n fẹ́ kó bá oníṣòwò sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ibi tẹ́ ẹ kọ sínú ìwé ló ń sọ ẹni tó lè bá yín sọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kéèyàn ka ojú ewé tó gbẹ̀yìn kó tó fọwọ́ sí i. Tiyín dáa.

Ṣùgbọ́n pé òfin gbà á láyè ò sọ pé iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Mi ò fi lọ́yà yín wọ́lẹ̀, ó lè gbọ́n jù mí lọ lórí ìwé ilẹ̀. Ẹ béèrè nǹkan kan péré lọ́wọ́ ẹ̀: "Nígbà tí awọ yẹn wọ inú ọkọ̀ ojú omi, ta ló ni ewu?" Tó bá ní kí ẹ jẹ́ kóun lọ yẹ̀ ẹ́ wò ná, olóòótọ́ ni, ẹ fi kún àwọn tẹ́ ẹ ó jọ ṣiṣẹ́, ẹ má fi ṣe aṣáájú. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lójoojúmọ́ á dáhùn kẹ́ ẹ tó parí ọ̀rọ̀.

Ibi tí ẹjọ́ yín dùn sí nìyẹn, torí lẹ́tà tí lọ́yà wọn kọ ti fò ó dá. Lábẹ́ CIF, ẹ̀yin tẹ́ ẹ tajà lẹ san owó ọkọ̀ àti ìnṣọ́ránsì dé èbúté wọn, ṣùgbọ́n ewu ti kúrò lọ́rùn yín látìgbà tẹ́rù ti wọ ọkọ̀ ní èbúté tiyín. Tó bá jẹ́ omi òkun ló wọ kọ̀ńténà, tàbí òógùn inú kọ̀ńténà ló rin awọ lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ oníbàárà yín àti ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tàbí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ nìyẹn, ó sì gbọ́dọ̀ san owó ọjà yín. Àmọ́ ilẹ̀kùn kan ṣí sílẹ̀ fún un: ẹni tó tajà ló ni dídì ẹrù. Tí awọ bá ti rin kó tó wọ kọ̀ńténà, tàbí ẹ ò dì í bó ṣe yẹ kí wọ́n di ẹrù tó ń rìnrìn àjò lórí omi, ọrùn yín ló padà sí. Gbogbo ẹjọ́ yìí dúró lórí ìgbà tí omi wọlé àti ibi tó gbà wọlé. Ìwé àyẹ̀wò tẹ́ ẹ ṣe ní èbúté kí wọ́n tó kó ẹrù, ẹ wá a jáde lónìí, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá àdéhùn yín sọ pé ìwé yẹn labẹ gé lórí bọ́jà ṣe dáa tó. Tó bá wà níbẹ̀, ẹ ti rìn jìnnà.

Ẹ wá rí ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ má fèsì fúnra yín? Ó ti pẹ́ díẹ̀, mo jókòó síbi ìjókòó arbitration kan, ẹni tí mo ń ṣojú fún ta àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ sókè òkun, ẹ̀yà wọ̀nyẹn dípẹtà kó tó dé. Ọmọlúàbí èèyàn ni. Àárọ̀ ọjọ́ tí oníbàárà ẹ̀ pè é, ó fi WhatsApp ránṣẹ́: "Ẹ má bínú, ó jọ pé àwọn ọmọ wa ò dì í dáadáa, a ó rí nǹkan ṣe sí i." Ìwà tútù lásán ni, ẹni tó fẹ́ kí ọjà ó padà wá lọ́la ló ń bẹ̀bẹ̀. Oṣù mẹ́rìnlá lẹ́yìn ẹ̀, lọ́yà òdìkejì ti tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ó fi íńkì yẹ́lò kùn ún, òun ló fi ṣe ojú ewé àkọ́kọ́ nínú fáìlì ẹ̀. Arbitrator, ìyẹn ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà, gbé gíláàsì ẹ̀ wọ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wá bi í pé, "Àwọn ọmọ yín wo? Kí ni wọn ò ṣe dáadáa?" Ó ṣàlàyé fún bí ogún ìṣẹ́jú pé òun ò tíì rí ẹrù náà sójú nígbà tóun kọ ọ́, pé àforíjì ni, kò kúrò lórí bébà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. A ò pàdánù gbogbo ẹ̀, àmọ́ ìlà kan yẹn ná an lówó ju gbogbo ohun tó san fún èmi lọ. Mo ṣì ń rí ojú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibi ìdúnàádúrà gan-an lọ́yà ti wúlò jù, ju ibi ẹjọ́ lọ pàápàá. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá bára yín sọ nítorí àtiparí ìjà, wọn kì í gbé e síwájú ẹni tó ń dá ẹjọ́, without prejudice ni wọ́n ń pè é. Lọ́yà yín máa kọ ìyẹn sórí lẹ́tà, á sì rí i pé àwọn méjèèjì gbà á kí Zoom tó bẹ̀rẹ̀, kó lè jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ní ẹ lè yọ dọ́là 20,000 kúrò kí àlàáfíà lè jọba, ẹnikẹ́ni ò ní dìde lọ́la pé ẹ ti gbà pé ẹ jẹ̀bi dọ́là 20,000. Kì í ṣe oògùn o, kíkọ ọ́ lásán ò tó, ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti àtiparí ìjà lóòótọ́, tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ sórí lẹ́tà tẹ́ ẹ kàn fi ń bú wọn kò dáàbò bo nǹkan kan. Kí lọ́yà náà tún béèrè kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ bóyá ẹni tí wọ́n rán wá lágbára láti fọwọ́ sí i. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi wákàtí mẹ́fà dúnàá dúrà, tí wọ́n dé orí iye kan, tí ẹnì kejì wá ní òun á lọ sọ fún ọ̀gá òun, tí ọ̀gá wá bẹ̀rẹ̀ látorí iye yẹn tó tún ń yọ ọ́ lọ sílẹ̀.

Ẹ má sì rò pé nítorí lọ́yà wà níbẹ̀ ẹ̀yin á dákẹ́. Ẹ̀yin lẹ mọ awọ. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ bóyá èyí tó bu náà ṣì ṣe é tà lówó pọ́ọ́kú, bóyá ẹ lè fi ẹrù mìíràn dí i, bóyá ẹ ṣì fẹ́ bá oníbàárà yẹn ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n ní a kì í ti kọ́ọ̀tù dé ká ṣọ̀rẹ́, òótọ́ ni, àmọ́ mo ti rí ọ̀pọ̀ tó ti ibi ìdúnàádúrà tó létò dé tí wọ́n sì tún jọ ń ta ọjà. Ohun tí lọ́yà ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń ṣọ́ ẹnu yín, ó ń gbọ́ ohun táwọn yẹn ò sọ, tẹ́ ẹ bá sì fẹnu kò ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀: iye, ọjọ́ tí wọ́n máa san án, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí wọn ò bá san án. Ẹ yẹ ìwé àdéhùn wò bákan náà bóyá ó ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó gbé arbitration dìde. Ní 2014 kọ́ọ̀tù ní London sọ nínú ẹjọ́ Emirates Trading pé irú ìlà bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni tiwọn, ó de èèyàn, ẹni tó bá fò ó kọjá lè rí i pé wọ́n dá ẹjọ́ òun padà.

Owó ńkọ́? Mo mọ̀ pé òun lẹ ń rò. Láti gbé ẹjọ́ dé iwájú ICC, dọ́là 5,000 lẹ máa kọ́kọ́ san, kò ṣeé gbà padà. Tó bá jẹ́ láti January 2021 síwájú lẹ fọwọ́ sí àdéhùn yín, ẹjọ́ tí ò ju mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lọ máa ń bọ́ sínú ètò kíákíá wọn fúnra ẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ pé ẹ ò fẹ́: arbitrator kan péré, oṣù mẹ́fà látìgbà ìpàdé ètò àkọ́kọ́ ni wọ́n sì fojú sùn fún ìdájọ́. Àmọ́ owó ilé ẹjọ́ kọ́ ló ń jẹ èèyàn. ICC fúnra wọn wò ó, wọ́n rí i pé ó lé ní 80% nínú owó tí ẹjọ́ arbitration ń ná èèyàn tó jẹ́ ti lọ́yà, ẹlẹ́rìí àti àwọn amòye. Fún owó tó há sílẹ̀ yìí, ẹ má jẹ́ kí ilé iṣẹ́ lọ́yà ńlá kan kó èèyàn márùn-ún lé yín lórí. Ẹni kan tó mọ òfin ọjà títà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sì ti ṣe ẹjọ́ ẹrù ojú omi rí, pẹ̀lú lọ́yà tẹ́ ẹ ní nílé táá máa kó ìwé jọ fún un, ìyẹn tó. Ẹ ní kó dá iye kan fún lẹ́tà àti ìdúnàádúrà, kó dá òmíràn fún ẹjọ́ tó bá débẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá ilé iṣẹ́ ẹ̀ ti ṣojú oníbàárà yín rí, torí tó bá rí bẹ́ẹ̀ kò lè gba iṣẹ́ yín. Ní London, ẹni tó bá pàdánù ló sábà máa ń san èyí tó pọ̀ jù nínú owó ẹni tó borí, èyí sì máa ń jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ pé òun jẹ̀bi tètè jókòó sọ̀rọ̀.

Tẹ́ ẹ bá sì gba ìdájọ́ tí wọ́n ò san, àdéhùn New York ti 1958 wà, orílẹ̀-èdè tó lé ní 170 ló ti tọwọ́ bọ̀ ọ́, kọ́ọ̀tù ìlú oníbàárà yín á fi agbára mú un san, ìdí tí wọ́n lè fi kọ̀ ò sì pọ̀. Kí lọ́yà yín yẹ orúkọ orílẹ̀-èdè náà wò kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀. Tí oníbàárà bá sáré pè yín lẹ́jọ́ ní kọ́ọ̀tù ìlú tiẹ̀ nígbà yẹn náà, ẹ má dáhùn ẹjọ́ ọ̀hún bí ẹni pé ibẹ̀ ló tọ́, torí kọ́ọ̀tù lè sọ pé ẹ ti fọwọ́ ara yín pa arbitration tì. Àdéhùn New York yẹn kan náà ló ní kí kọ́ọ̀tù dá yín padà síbi tẹ́ ẹ kọ sínú ìwé, lọ́yà ni kó lọ sọ ọ́ kíákíá.

Èyí tó kù ni ọjọ́, òun ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mójú tó kẹ́ ẹ tó sùn lálẹ́ yìí. Ọdún mẹ́fà ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún yín láti béèrè owó ọjà, ẹ ṣì lè mí. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìlànà tí wọ́n ń pè ní Hague-Visby, tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé ẹrù ọkọ̀, ọdún kan péré látọjọ́ tí wọ́n gbé ẹrù kalẹ̀ lèèyàn fi lè pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lẹ́jọ́. Oníbàárà yín ló yẹ kó ṣe ìyẹn, àmọ́ tó bá jókòó tó ń bá yín fa ọ̀rọ̀ títí ọdún fi yí po, ó máa pàdánù ibi tí owó ẹ̀ ti lè jáde, á sì wá gbá yín mú pinpin torí ẹ̀yin nìkan ló kù fún un. Ẹ wá ọjọ́ tí kọ̀ńténà méjèèjì bọ́ sílẹ̀ ní èbúté wọn, ẹ kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́ fáìlì, kí lẹ́tà tí lọ́yà yín máa kọ́kọ́ kọ sí wọn sì rán wọn létí ọjọ́ yẹn, pé kí wọ́n lọ bá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ àti ìnṣọ́ránsì kó tó pẹ́ jù.